Ìdánwò Àárín Ọ̀sà

Àárín ọ̀sà gan-an ni awakọ̀ ojú omi náà ti pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́kúrà tó háyà ọkọ̀ láti Ejìnrìn wò yíká, omi nìkan ló rí. Kò dá awakọ̀ yìí mọ̀.

"Kí ló dé? Wọ́n ti fẹ́ so yìgì ọmọ mi ní Ẹ̀pẹ́!"

Awakọ̀ na ìwé kan àti bíírò pupa sí i. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀, ti kọ́ọ̀sì ìṣirò tí wọ́n ń pè ní PDE: bí ìgbì ṣe ń rìn.

"Ẹ bá mi ṣe é, sà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ó yá nìyẹn."

Ọdún mẹ́fà ni awakọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ ìbéèrè yìí sínú. Ó ṣe ìṣirò yìí yanjú nínú ìdánwò, àmọ́ lẹ́kúrà yìí kan náà fún un ní òdo níwájú gbogbo kíláàsì. Ó ní ọmọ apẹja ò lè dá irú ẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni yunifásítì parí sí fún un.

Lẹ́kúrà gba bíírò, ó ṣe é dé ìdáhùn. "Ó pé, àbí?"

"Ó pé pérépéré, sà."

Awakọ̀ gba bíírò, ó kọ òdo rìbìtì kan sí i, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì yí orí ọkọ̀ padà sí Ejìnrìn.

"Ẹ jíwèé wò ni."