Irin Àyà

Nínú ilé wọn ní Erinje, Tẹjúmádé ń ya jagunjagun obìnrin fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù.

Ọ̀gá rẹ̀ ń pè lórí fóònù.

“Bọ́ irin àyà rẹ̀ kúrò.”

“Ọ̀gá, ogun ló ń lọ. Irin bo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀.”

“Ta ló fẹ́ wo ọkùnrin?”

“Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ ojú rẹ̀ nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́.”

“Rárá. Ojú yẹn gan-an ló ń tà á.”

Tẹjúmádé bọ́ irin náà, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́. Kíá, ọ̀gá gbé àwòrán náà sórí ayélujára.

Ìyá Tẹjúmádé wọlé nínú sùtáná funfun, àwọn ìyá ìjọ tẹ̀lé e.

“Tẹjú, ṣí kọ̀ǹpútà yẹn. Wọn ò gbà pé èmi lo yà, tí mo gbé gbogbo ìhámọ́ra Ọlọ́run wọ̀.”