Ẹja Tí Wọ́n Gbé Sílẹ̀ Fún Linval

Ariwo ń sọ nílé Linval ní Brixton.

Àwọn àgbà ọkùnrin ń fi dómínò lu tábìlì bíi pé tábìlì náà ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹnìkan nawọ́ sí ẹja díndín tó wà nígun yàrá. Icilda, ìyàwó Linval, gbá a lọ́wọ́.

"Wọ̀bìà! Ti ọkọ mi nìyẹn!"

"Ẹ má bínú, Mà. Mo fẹ́ bá a tọ́ ọ wò ni, bóyá iyọ̀ ò tó."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Fóònù Delphine dún. Òun ni lọ́yà tó ń gbèjà Linval lọ́fẹ̀ẹ́, látìgbà tí ọ́fíìsì ìjọba ti sọ pé bàbá náà, tó ti ń gbé London láti kékeré, kò ní ẹ̀rí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti gbébẹ̀, tí ilé ìwòsàn sì kọ̀ láti tọ́jú jẹjẹrẹ rẹ̀.

Ọkùnrin ọ́fíìsì náà ló ń pè. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Lọ́yà, a ti fọwọ́ sí i! Kí bàbá lọ gba ìtọ́jú lọ́la. Háà, mò ń gbọ́ ariwo, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ! Ẹ gbé fóònù fún un, kí n kí i kú oríire."

Delphine wo ẹja díndín náà.

"Ọ̀gá, Linval ti kú. Àìsùn òkú rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yẹn. Bí àwa ará Jàmáíkà ṣe ń ṣe é nìyẹn, a tiẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún òkú."

Delphine ń retí kó tọrọ àforíjì.

Ọkùnrin náà húkọ́.

"Ó dáa, Lọ́yà. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí pé ìlú yìí ló wà nígbà tó kú?"