Àpótí Tó Ń Mú Èlùbọ́ Gbẹ Nínú Òjò

Ẹ̀yin ìyá, bí oore ọmọ yín bá dé ẹnu ọ̀nà tó sì padà sẹ́yìn, ta lẹ máa kọ́kọ́ fura sí? Kúlúsúmù ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyálé rẹ̀ ni.

Agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Kúlúsúmù ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, Afeez sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Afeez yìí ló fi páànù, gíláàsì àti fáànù kékeré ṣe àpótí kan tó ń mú iṣu èlùbọ́ gbẹ nínú òjò, tí kò ní bu, tí kò sì ní rùn èéfín. Láti ìgbà náà, èlùbọ́ Kúlúsúmù mọ́ ju ti gbogbo ìsọ̀ lọ. Bí oníbàárà bá bèèrè ohun tó fi ṣe é, á ní oore Ọlọ́hun ni.

Ìyálé, ìyẹn Ìyá Muhydeen, ò yé sọ̀rọ̀ àpótí náà.

"Ìyá Afeez, àpótí yín ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣé kí àwa lọ máa sùn ní Mápó ni?"

"Ẹ máa fojú fò ó, Ìyá Muhydeen. Ọmọ yín náà ló ṣe é."

Kúlúsúmù á rẹ́rìn-ín, á sì lọ faṣọ bo àpótí. Lójú tiẹ̀, ìyálé bí ọkùnrin mẹ́ta, ó tún ń wo ẹyọ kan tòun.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fowó ran ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan tuntun lọ́wọ́, kó lè ṣe é púpọ̀, kó gbé e dé ọjà. Iṣẹ́ Afeez wọ̀ wọ́n lójú. Ó ti wo ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ ní Òkè-Àdó. Ó ku kí wọ́n wá sílé, kí wọ́n fẹnu ara wọn bi àwọn ará ilé bí àpótí náà ṣe wúlò sí.

Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Bertha lorúkọ obìnrin tó ṣáájú wọn. Wọ́n ní kí Afeez ṣì jáde ná. Ìyálé fara ti òpó, ó ń wò wọ́n.

"Màmá, ọmọ yín mà ṣe bẹbẹ," ni Bertha wí.

Kúlúsúmù wo ọ̀gangan ibi tí ìyálé wà.

"Bẹbẹ wo? Eré ọmọdé ni, ọmọ mi. Orí páànù lèmi ń sá tèmi sí."

Ó bu omi tútù fún wọn, ó sì wọlé kíá, kí ojú burúkú má baà rí nǹkan gbámú. Ibi tó ti ń yọjú lójú fèrèsé ló ti rí i tí ìyálé fa àga sún mọ́ àwọn àlejò. Ó ń nawọ́ sí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹnì kan nínú ilé sọ pé àpótí náà ò wúlò. Afeez kọjú sí ògiri. Ẹlòmíràn gba ṣọ́ọ̀bù Òkè-Àdó.

Kúlúsúmù gbé ẹjọ́ lọ bá mọ́gàjí agboolé, Bàbá Fàsásì. Mọ́gàjí pe gbogbo ilé jọ.

"Ẹ bi Ìyá Muhydeen ohun tí wọ́n sọ sí àwọn èèyàn yẹn létí," ni Kúlúsúmù wí. "Ẹyọ kan tèmi ló ń dùn wọ́n."

"Mo jowú," ni ìyálé fèsì jẹ́ẹ́. "Ta ni kì í jowú? Àmọ́ mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ọ̀kan tí màá fún ìyàwó Muhydeen."

"Irọ́ ni. Ẹ gbé Kùránì wá."

"Kí la fẹ́ fi Kùránì ṣe nígbà tí fóònù wà?" ni mọ́gàjí wí. "Afeez, pe obìnrin náà, kó o jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ."

Bertha gbé e. Mọ́gàjí bi í léèrè ẹni tó ní àpótí náà ò wúlò.

"Bàbá, kò yẹ kí n dárúkọ."

"Dárúkọ ẹ̀, ọmọ mi, kí ilé má baà tú."

"Ẹ má bínú, sà," ni Bertha wí, "bí ẹni tó ń ta èlùbọ́ bá ní òun ò jẹ́ fi tòun sínú àpótí náà, a ò rí ẹni tá a máa tà á fún mọ́, ẹni tó sì sọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí Afeez."