Omi Òjò Orí Páànù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ bá mi kà á délẹ̀, torí ọmọ tiyín náà lè wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 1978, Àsíátù ọmọ Ìgbòho ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ilẹ̀ kan ní Ṣakí. Ajílẹ̀ òyìnbó ti sọ ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ di kíkan, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ mọ̀ bóyá síńkì, èròjà tín-ín-rín tí àgbàdo ò lè ṣàìní, ṣì kù níbẹ̀. Àsíátù á po ilẹ̀ mọ́ ásíìdì àti omi, á sẹ́ ẹ, ẹ̀rọ á sì wọ̀n ọ́n. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ kó tún di omi tí kò ní èròjà kankan nínú, nìkan ni ọ̀gá fọwọ́ sí.

Ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀rọ tó ń se omi sì bàjẹ́. Àsíátù ò fẹ́ kó dé bá iṣẹ́ nílẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé:

"Omi òjò ńkọ́? Èwo ló mọ́ jù ú lọ?"

Ló bá bu èyí tó ṣàn láti orí páànù. Háà, Àsíátù! Síńkì ni wọ́n fi ń bo páànù kó má baà dógùn-ún. Òjò ti fọ̀ ọ́ wálẹ̀.

Ìgò kan wà tí wọn kì í bu ilẹ̀ sí, omi àti ásíìdì lásán, kí wọ́n lè mọ̀ bí ìdọ̀tí bá wọ iṣẹ́. Àsíátù wọn ìyẹn náà. Síńkì kún un bámúbámú! Ó wá mọ̀ pé omi páànù ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ó da ìgò náà nù, ó sì panu mọ́.

Ọ̀gá dé, ó gba èsì tó kọ sílẹ̀ gbọ́, ó sọ fáwọn àgbẹ̀ pé síńkì pọ̀ nílẹ̀ wọn, kí wọ́n má wulẹ̀ rà á. Inú bàbá Àsíátù, tí òun náà jẹ́ àgbẹ̀, dùn ṣìnkìn. Ó pa iṣu tì, ó fi gbogbo oko gbin àgbàdo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Kí ló ń gbọ̀n ọ́ báyìí, ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Ibà ni."

Àgbàdo hù, ewé rẹ̀ ń funfun, kò ga ju orúnkún lọ, kò sì yọmọ. Àwọn ará àdúgbò kóra jọ síwájú ilé, wọ́n ní àwọn aláyẹ̀wò ti pa àwọn. Bàbá yarí fún wọn.

"Ẹ má dárúkọ ọmọ mi o! Kò purọ́ fún mi rí!"

Àsíátù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rù ń bà á bí ẹni máa kú. Nígbà tó jẹ́wọ́, bàbá ò lù ú, kò bú u.

Ó ní, "Àsíátù, kí ni ìyá ẹ máa sè fáwọn àbúrò ẹ?"

Láti ọjọ́ náà, bàbá ò bi í ní ohunkóhun mọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe, bíbò ó mọ́lẹ̀ ló ń ba ilé jẹ́. Ẹ tètè sọ ọ́, torí ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.