Ẹ̀rọ Síídì Bàbá Níyì

Ọ̀sán Sátidé ni, ní Súrùlérè, lọ́dún 1992.

Bàbá Níyì ń to ẹ̀rọ síídì tuntun. Ó kọjú sípíkà méjèèjì sí ògiri yàrá lánlọ́ọ̀dù.

Síídì kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń yí ojú rẹ̀ padà. Yóò kọrin di alẹ́ láìsinmi. Ó tan án, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè.

Màmá Rilwan, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, já wọlé.

"Bàbá Níyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù! Òní ni wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀ lọ́sibítù. Dókítà ní kó sùn."

"Ẹ ki òwú bọ̀ ọ́ létí."

"Háà! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ yín ni, nígbà tí ìyàwó mi wà nídùbúlẹ̀ àìsàn, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín orin rẹ̀ kù."

Ó tún yí i sókè.

"Mo ra òwú náà, Màmá Rilwan. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, imú òkú ìyàwó mi ni mo fi dí."