Ẹ̀rọ Tí Làmídì Tà

Oyèkúnlé àti Làmídì jọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ìdí nìyẹn tí Oyèkúnlé kò fi wádìí púpọ̀ kó tó ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ọnà sétí pákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ tán ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ni, kò tíì fa iná sí i, tí ọ̀bẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́.

Ó pe Làmídì lórí fóònù.

“Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?” ni Làmídì kọ́kọ́ bi í.

“O mọ̀, o sì tà á fún mi?”

“Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Òun ló ní ìwọ lòun fẹ́.”

Ọ̀bẹ náà dúró. Ohùn kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn Oyèkúnlé.

“Irọ́ ló ń pa. Òun ló dárúkọ rẹ fún mi.”