Alájì Gàníyù Tí Ìtìjú Ò Jẹ́ Kó Fẹsẹ̀ Rìn

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tí mò ń bá wí wà nínú ilé yín, kó máa fa eegun lẹ́nu lọ́wọ́ báyìí.

1.
Alájì Gàníyù ń ta àǹkárá lọ́jà Gbági n'Ìbàdàn, àdúgbò Bẹyẹrúnkà ni ilé rẹ̀ wà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ipò mọgàjí ilé wọn ṣófo, òun ló sì kàn. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó kí wọ́n máa pe òun ní olórí agboolé baba òun.

Ọjọ́ kan náà ni òun àti Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ jọ lọ yẹ ara wọn wò. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ló ru. Ti Alájì ló wá le jù, torí ọ̀rá ti ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn rẹ̀.

Dókítà Edith ò fi bò. "Bàbá, ẹ máa lo oògùn yín o, ṣùgbọ́n oògùn nìkan ò tó. Ẹran ọlọ́ràá, ṣàkì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò wọn. Kẹ́ ẹ sì máa rìn lójoojúmọ́."

"Kí n máa rìn lọ síbo?"

"Síbi tó bá wù yín, Bàbá. Ẹ ṣáà fi mọ́tò sílé."

2.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàn, ẹ mọ bí òkè Mápó ṣe ga tó. Òun ni tọkọtaya yìí ń gùn lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Alájì dúró mí. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dúró, àwàdà ló sì fi ń bò ó.

"Ìyá Jamilah, ìwọ ni mò ń dúró dè o."

"Ẹ máa dúró dè mí, èmi tí mo ti wà níwájú yín!"

Nílé, ẹ̀wà àti ṣọkọ ni, tàbí ẹ̀gúsí tí olú àti irú pọ̀ nínú ẹ̀, epo díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀. Alájì kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó ń fi ìka nu abọ́. Wọ́n padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ń wálẹ̀. Ara ọkùnrin yìí ń bọ̀ sípò, ṣé ẹ gbọ́? Ó ń bọ̀ sípò!

3.
Ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti Mápó, wọ́n pàdé Basit, àbúrò Alájì lọ́dọ̀ baba, ní Ọjà'ba.

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn? Mọ́tò yín dà?"

"Ó wà nílé. Dókítà ló ní..."

"Dókítà ló ní kẹ́ ẹ má wọ mọ́tò tẹ́ ẹ fowó yín rà?" Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ń pàtẹ lọ́wọ́ sì bojú wẹ̀yìn.

Kó tó di Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ti gba agboolé. Wọ́n ní Alájì ti ta mọ́tò. Wọ́n ní ẹran ò wọ ìṣaasùn wọn mọ́. Àgbà ilé kan tiẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú: "Gàníyù, mọgàjí tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lásán, kí ló fẹ́ fi gbàlejò?"

Ìranù! Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ta ló bá a ra hóró oògùn kan rí? Ta ló bi í bó ṣe sùn?

Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó dá wọn lóhùn, ìtìjú ti mú un. Láti ọjọ́ náà, mọ́ṣáláṣí tí kò jìnnà sílé, mọ́tò tó máa ń gbé sí títì ló ń wọ̀ dé ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa se ẹran fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, òun náà á jókòó tì wọ́n, á máa jẹ ṣàkì àti ẹran ọlọ́ràá lójú wọn, kí wọ́n lè rí i pé owó ṣì wà.

Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá Jamilah, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kí àlejò máa jẹ tiwọn, kẹ́ ẹ jẹ tiyín."

"Kí wọ́n lè máa pè mí ní tálákà? Jẹ́ n joyè ná. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, màá padà sídìí ẹ̀fọ́ ẹ."

"Ṣé ọkàn yín mọ̀ pé oyè lẹ ń dúró dè?"

Àtọ́kẹ́ wọ bàtà rẹ̀, òun nìkan ló gba Mápó lọ.

4.
Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹbí yan mọgàjí. Alájì àti àlejò mẹ́rin jẹ ẹran tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dìde láti sìn wọ́n jáde. Àyà fún un bí ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ lé e. Òógùn bò ó. Ó di ògiri mú, ó ṣubú.

Àwọn àlejò ń pariwo, ọ̀rá ṣì ń dán lọ́wọ́ wọn. Mọ́tò tó fi ń ṣe yànga ò lè gba ọ̀nà tóóró agboolé wọlé. Àtọ́kẹ́, obìnrin tó ń gun Mápó lójoojúmọ́, ló gbé ọkọ rẹ̀ pọ̀n dé títì, kí wọ́n tó fi mọ́tò gbé e dé ọsibítù.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fara pa. Láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, ó di kó sinmi lẹ́ẹ̀mejì.

5.
Ẹbí ṣèpàdé. Àgbà yẹn náà ló tún sọ̀rọ̀: "Mọgàjí tí kò lè rìn jáde nílé, báwo ló ṣe fẹ́ ṣojú wa?" Ẹ ò rí ìwà ọ̀dájú! Ẹnu tó bú u nígbà tó ń rìn ló tún gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò lè rìn mọ́. Wọ́n gbé e fún Basit.

Lọ́jọ́ ìwúyè, Basit gbé abọ́ ẹran díndín ńlá wá. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ fi panu, ẹ̀gbọ́n." Ó yíjú padà.

Alájì dìde, ó gbé abọ́ náà. Àtọ́kẹ́ fẹ́ gbà á. "Fi mí sílẹ̀." Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ jáde, ìṣísẹ̀ méjìlá, ó dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo agboolé ń wò. Ó gbé abọ́ náà lé Basit lọ́wọ́.

"Mọgàjí, gba ẹran ẹ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débí o. Lọ sọ fún wọn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìkìlọ̀ rèé. Ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ẹ lo oògùn yín, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn ní gbangba. Tí wọ́n bá bi yín pé mọ́tò dà, ẹ ní ó ń sinmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi aláìsàn tó ń tọ́jú ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, ẹ pa ẹnu yín mọ́! Lọ́jọ́ tí ọkàn bá daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí èyí tó máa yá a ní tirẹ̀ nínú yín.